Sàráà Tí Mùíbátù Ṣe Nítorí Pọ́n-ùn

Bí ẹ bá gba Ilo-Awela kọjá láàárọ̀, kí àwọn ọkọ̀ tó ń kó òṣìṣẹ́ lọ sí kọ́ńpìnnì tó kún títì, imú yín ni yóò kọ́kọ́ mú yín dé ilé Mùíbátù. Òórùn búrẹ́dì ni. Búrẹ́dì gidi o, tó ń fà bí òwú tí ẹ bá ya á, tí orí rẹ̀ pọ́n dẹ̀dẹ̀. Ààrò bíríkì tí ọkọ rẹ̀ mọ fún un sí ẹ̀yìnkùlé ló fi ń yan án, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló sì fi ń po fúláwà. Ọwọ́ méjèèjì yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí wọn ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

Ọmọ Ìwó ni. Nígbà tó jáde ìwé mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà ló ní kó máa bọ̀, pé àwọn kọ́ńpìnnì ń gba èèyàn. Kọ́ńpìnnì bísíkíìtì kan gbà á. Ó ń dúró nídìí ẹ̀rọ tí bísíkíìtì ń gbà kọjá, ó ń kó o sínú náílọ́ọ̀nù, títí ó fi di pé tó bá sùn, ó ṣì ń rí bísíkíìtì tó ń kọjá lójú àlá. Ẹnu géètì kọ́ńpìnnì yẹn ni Alhaji Nùrẹ́nì ti rí i. Káfíńtà ni Alhaji. Òun ló máa ń kan àwọn pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń to páálí bísíkíìtì lé lórí. Ó rí ọmọge pupa tó ń jẹ bísíkíìtì fífọ́, ó ní, "Ọmọ dáadáa, ṣé tèmi ò sí níbẹ̀ ni?" Mùíbátù na èyí tó kù lọ́wọ́ sí i. Bí wọ́n ṣe fẹ́ra nìyẹn. Alhaji ti níyàwó kan nílé kó tó jẹ bísíkíìtì yẹn, kò sì fi pa mọ́.

Ìyáálé náà ni Ẹfúnróyè, ọmọ Ọ̀tà pọ́nńbélé. Ìyá Dúró ni gbogbo àdúgbò ń pè é nítorí Dúrótoyè àkọ́bí rẹ̀. Obìnrin gàgàrà kan báyìí, tó máa ń rìn bí ẹni pé ẹnìkan ń gbé àga tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ẹni burúkú kọ́ o. Ohun tó ń dun Mùíbátù jù gan-an nìyẹn. Tí ìyáálé bá burú, èèyàn á rí nǹkan rò fún ará ilé ẹni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mùíbátù bí Naimat, Ìyá Dúró ló ń wẹ ọmọ náà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì, Ìyá Dúró ló kọ́kọ́ rà. Kò sí oore tí èèyàn fẹ́ ṣe nínú ilé yẹn tí obìnrin yìí ò ti ní ṣe é tán kí ojú ẹni tó là. Owú wá ń jẹ Mùíbátù bí kòkòrò ṣe ń jẹ ẹ̀wà: inú ló ti ń jẹ ẹ́, ẹ̀yìn ẹ̀wà ṣì ń dán.

Nígbà tó yá, Dúrótoyè lọ sí Ìlú Ọba, ó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester. Pọ́n-ùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Wọ́n gbé tánkì omi sókè, wọ́n pààrọ̀ páànù orí ilé, wọ́n kun ara ògiri ní àwọ̀ ẹyin. Mùíbátù ń kí wọn kú oríire, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá pọn omi tánkì yẹn, ó ní kì í pa òùngbẹ òun.

Àfi ìgbà tí Naimat tiẹ̀ náà gba Jámánì lọ. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Hamburg, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ́ ọn. Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ fi owó rán ẹni tó ń bọ̀ wálé, Mùíbátù wé gèlè tuntun torí àtilọ ṣẹ́ owó náà ní ọ̀dọ̀ Al-Ameen, ọmọkùnrin tó ń pààrọ̀ owó òkèèrè, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Toll Gate. Ó ku díẹ̀ kó jáde ni Ìyá Dúró pè é láti yàrá.

"Ìyàwó, ṣé Toll Gate lò ń lọ? Dúró náà fi nǹkan ránṣẹ́. Jẹ́ ká jọ lọ."

Wọ́n dé ọ̀hún. Mùíbátù kó tirẹ̀ sílẹ̀, ìwé aláàádọ́ta mẹ́rin. Ìyáálé kó tirẹ̀ sílẹ̀, ìwé aláàádọ́ta mẹ́rin. Al-Ameen ṣírò, ó ka náírà fún àwọn méjèèjì. Ojú lásán ni Mùíbátù fi rí i pé ti ìyáálé ga ju tirẹ̀ lọ.

"Al-Ameen, kí ló dé? Ìwé mẹ́rin, ìwé mẹ́rin. Àádọ́ta ló wà lára tèmi, àádọ́ta ló wà lára tiwọn."

"Ìyá mi, pọ́n-ùn ni tiwọn. Yúrò ni tiyín."

Ìyá Dúró rẹ́rìn-ín, ó ń di owó rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìró. "Àbúrò ni yúrò jẹ́ fún pọ́n-ùn, ìyàwó. Bó ṣe rí nílé náà ló rí lọ́jà."

Àwàdà ni obìnrin náà ń ṣe o. Kí wọ́n tó dé ilé, òun ti gbàgbé rẹ̀. Mùíbátù ò gbàgbé. Gbogbo fúláwà tó pò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀ṣẹ́ ló fi pò ó.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé odindi búrẹ́dì kan lọ́wọ́, ó padà sí ọ̀dọ̀ Al-Ameen lóun nìkan.

"Al-Ameen, ọmọ mi, ta ló sọ pé pọ́n-ùn gbọ́dọ̀ ju yúrò lọ?"

Al-Ameen rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ dùn mọ́ ọmọkùnrin yẹn bí oúnjẹ, ó sì ti ń fojú sí búrẹ́dì. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé ègé kan nípọn, ó gé òmíràn tín-ín-rín.

"Ẹ wò ó, Ìyá Naimat. Tí búrẹ́dì èèyàn méjì bá dọ́gba, tí ẹnìkan gé tiẹ̀ nípọn, tí ẹnì kejì gé tiẹ̀ tín-ín-rín, ègé kan ti ẹni àkọ́kọ́ á ju ègé kan ti ẹnì kejì lọ, àbí? Ṣé ìyẹn ni pé fúláwà tiẹ̀ ló pọ̀ jù?"

"Rárá o."

"Bí pọ́n-ùn ṣe rí nìyẹn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gé tiwọn nípọn látayébáyé. Lónìí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi yúrò ra pọ́n-ùn kan, ẹ máa mú yúrò kan àti ogún sẹ́ǹtì wá. Kò sí èébú kankan níbẹ̀. Ohun tí àwa ń wò ni bóyá ègé yẹn ń nípọn sí i àbí ó ń fẹ́lẹ́."

Ojú Mùíbátù là kedere. "Ó máa ń fẹ́lẹ́?"

"Dáadáa! Ó máa ń já."

"Kí ló ń já a?"

"Ìyá mi, owó àwọn olówó ayé dà bí ẹyẹlé. Ibi tí wọ́n bá ti da ọkà sílẹ̀ ló ń bà sí. Èlé ni ọkà ọ̀hún. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní báńkì àgbà tiwọn, àwọn oníyúrò náà ní tiwọn, àwọn ló ń pàṣẹ bí èlé á ṣe rí. Tí èlé ti Gẹ̀ẹ́sì bá ju ti àwọn oníyúrò lọ, gbogbo ayé á fẹ́ fi owó pamọ́ síbẹ̀. Ẹ ò sì lè fi owó pamọ́ síbẹ̀ láìní pọ́n-ùn lọ́wọ́. Wọ́n á máa dù ú, á gbówó lórí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dín èlé kù, àwọn ẹyẹlé á gbéra. Tí ìjọba wọn bá tún ń jẹ gbèsè, tí ẹnu wọn ò kò lórí bí wọ́n ṣe máa náwó ìlú, àyà á já àwọn olówó, wọ́n á tún gbéra. Kódà kí wọ́n tiẹ̀ tó dín in, tí àwọn èèyàn bá ti gbọ́ fìnrìnfìnrìn pé wọ́n fẹ́ dín in, ó ti ń já nìyẹn."

"Àhesọ lásán?"

"Tí wọ́n bá ní fúláwà á wọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣé ẹ kì í sáré rà á lónìí ni?"

Mùíbátù mi orí. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo ló gbé lọ sílé: pọ́n-ùn lè já.

Láti ọjọ́ náà, nǹkan yí padà. Ó ní kí Al-Ameen fi ohun tó ń sọ iye owó sínú fóònù òun. Tó bá ti kírun àsùbáà tán, kó tó wo bóyá yíìsì ti wú, pọ́n-ùn ni yóò kọ́kọ́ wò. Kò mọ orúkọ kánsẹ́lọ̀ wọn ní Ọ̀tà, ṣùgbọ́n ó mọ ọjọ́ tí báńkì àgbà àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa jókòó. Bí rédíò bá dárúkọ ìjọba Ìlú Ọba, á ní kí àwọn oníbàárà dákẹ́ ná. Nígbà tó bá ń tọrọ nǹkan lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ó máa ń fi kún un pé, "Olúwa, má pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣáà jẹ́ kí pọ́n-ùn já díẹ̀."

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn. Fúláwà pípò ti ba èjìká Mùíbátù jẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í dé orí mọ́; tó bá fẹ́ wé gèlè, ó gbọ́dọ̀ jókòó, kó tẹrí ba bí ẹni ń tọrọ àforíjì. Dókítà ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ àbí kó wá ẹ̀rọ. Míkísà ló ń rò lójoojúmọ́. Kì í ṣe àwọn kéékèèké tí wọ́n ń fi po kéèkì o. Ńlá tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò, tó lè po odindi àpò fúláwà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láìsí míkísà, ààrò á kú, òórùn yẹn á kúrò ní Ilo-Awela, òun náà á sì padà di ìyàwó kékeré tó ń jókòó sílé wo tánkì omi ìyáálé.

Naimat ló rí míkísà náà ní Hamburg. Bàbá arúgbó kan tó ń ṣe búrẹ́dì fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa tí ọdún bá parí, ó sì gbà láti bá Naimat fi míkísà rẹ̀ sílẹ̀ títí di ìgbà yẹn. Yúrò ló ń gbà.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmi," ni Naimat wí. "Owó ń péjọ."

Ohun tí Naimat ò sọ fún ìyá rẹ̀ ni ibi tí owó ń péjọ sí. Àwọn ọmọ wọ̀nyí fẹ́ràn ara wọn, kò sí orogún láàárín wọn. Dúrótoyè ti sọ fún àbúrò rẹ̀ pé èlé tí báńkì ń san lọ́dọ̀ òun ju ti Jámánì lọ, pé kó jẹ́ kí òun bá a tọ́jú owó náà ní pọ́n-ùn, kó lè bímọ díẹ̀. Naimat sì ń yí yúrò rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ránṣẹ́, títí ó fi fẹ́ẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn márùn-ún. Ó mọ ìyá rẹ̀. Kò lè sọ fún un pé owó míkísà wà lọ́wọ́ ọmọ ìyáálé. Ó fi pa mọ́.

Níbi iṣẹ́, fóònù Naimat já sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀. Gbogbo nọ́ńbà bá a lọ. Nọ́ńbà ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ̀ sórí, fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sì fi ń pè é lọ́jọ́ Àìkú. Àsìkò yẹn gan-an ni ariwo gba Ìlú Ọba pé báńkì àgbà fẹ́ dín èlé kù. Dúrótoyè wá Naimat títí, kò rí i. Owó olówó ni, kò lè fọwọ́ kàn án láìgbàṣẹ. Ló bá pe ìyá rẹ̀.

Mùíbátù ń po fúláwà lọ́wọ́, ó ń fi ọwọ́ òsì ran ọ̀tún lọ́wọ́, nígbà tí Ìyá Dúró dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

"Ìyá Naimat, o kú iṣẹ́ o. Dúró ní tí Naimat bá pè, kí o sọ fún un pé kó fún òun láṣẹ kí òun yí owó yẹn padà sí yúrò kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ó ní pọ́n-ùn fẹ́ já."

"Owó wo, Ìyáálé mi?"

"Mi ò mọ̀ o. Ó ní Naimat mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́ yẹn."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Ọwọ́ Mùíbátù dúró sínú fúláwà. Yí owó padà sí yúrò? Owó ta? Ta ló tún ní pọ́n-ùn tó yàtọ̀ sí Dúró? Ó yé e wàyí: Dúró fẹ́ fún Naimat lówó. Ó fẹ́ gé pọ́n-ùn rẹ̀ kó dà á fún ọmọ òun bí ẹni ń ju èérún sí adìẹ. Míkísà á dé, gbogbo Ilo-Awela á sì máa wí pé, "Ẹ wo míkísà tí ọmọ Ìyá Dúró rà!" Tánkì omi, Dúró. Páànù, Dúró. Míkísà náà, Dúró?

"Láéláé," ni Mùíbátù sọ fún fúláwà.

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mùíbátù ò jẹ́ ti ẹrú, kò jẹ́ ti ọmọ. Ó gbé iṣẹ́ náà mì. Lọ́jọ́ Àìkú, Naimat pè.

"Màmi, ṣé ẹnikẹ́ni ò wá mi?"

"Ta ló máa wá ọ? Ṣáà máa jẹun dáadáa. Ṣé òtútù ò pa ọ́?"

Nígbà tí ìyáálé sì bi í bóyá ó ti jíṣẹ́, ojú rẹ̀ ò ṣẹ́, ó ní, "Mo ti jẹ́ ẹ, Ìyáálé mi." Ohun tí Ìyá Dúró sọ fún ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Dúrótoyè dúró títí, kò gbọ́ nǹkan kan, ó rò pé Naimat ní kí owó ṣì wà níbi tó wà.

Pọ́n-ùn wá já lóòótọ́. Wọ́n dín èlé kù. Kò pẹ́ ni àwọn èèyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ìjọba wọn kò mọ ibi tó máa ti rówó ná. Ogún sẹ́ǹtì di méjìdínlógún, ó di mẹ́rìndínlógún. Láràárọ̀, Mùíbátù á wo fóònù, á rẹ́rìn-ín sínú bí ẹni tó gbọ́ pé wọ́n ti kọ ọ̀tá òun sílẹ̀. Ọjọ́ tó wo fóònù tó rí yúrò kan àti sẹ́ǹtì mẹ́rìnlá, ó bú sẹ́rìn-ín lójú ààrò. Ó ní sàráà ni. Ó rẹ ẹ̀wà, ó lọ̀ ọ́, ó din àkàrà kún agbọ̀n, ó gé búrẹ́dì, ó pe àwọn ọmọ ilé kéú àti álífáà wọn.

"Ìyá Naimat," ni álífáà wí, àkàrà gbígbóná lọ́wọ́, "kí la ń bá yín dúpẹ́ fún?"

"Ẹ ṣáà ní ohun tí mo ń wò ti ń wálẹ̀."

Álífáà rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó gbé ọwọ́ sókè. "Ohun tí Ìyá Naimat ń wò, Ọlọ́run má jẹ́ kó dúró o, kó máa wálẹ̀ wéréwéré!"

"Àmín!" ni àwọn ọmọ kéú ké. Ohùn ta ló sì ròkè jù? Ìyá Dúró ni, tó ti jẹ àkàrà mẹ́rin, tó tún na àwo rẹ̀ pé kí wọ́n bu sí i.

Ìyẹn ò tíì kúrò nílẹ̀ tí Naimat fi ra fóònù tuntun, tó sì rí nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà padà lọ́wọ́ Alhaji. Lọ́jọ́ Sátidé, òun àti Dúrótoyè jọ pe ilé, tojú-tojú. Alhaji gbé fóònù ti ìgò omi lórí tábìlì; ìyáálé jókòó lọ́tùn-ún, ìyàwó lósì.

"Màmi," ni Naimat wí, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì, "pọ́n-ùn ti já."

Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu Mùíbátù, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. "Mo ti rí i."

"Ó já mọ́ wa lórí ni."

"Mọ́ ta lórí?"

Naimat wá tú u palẹ̀. Owó míkísà ni. Ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Dúró ló wà láti ìgbà yìí, pọ́n-ùn ni. Bàbá oníbúrẹ́dì ti fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, àwọn fẹ́ yí owó náà sí yúrò, kò tó mọ́. Ọpọlọ Mùíbátù ń ṣe ìṣirò láìgbàṣẹ rẹ̀, òun náà tó ti di ògbóǹkangí. Ogún sẹ́ǹtì, mẹ́rìnlá sẹ́ǹtì. Mẹ́fà ló sọ nù lára pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ǹtì mẹ́fà ò tó ra súìtì. Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún ṣe é, ọ̀ọ́dúnrún yúrò ni. Gbogbo owó ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ gbé míkísà wá sílé ló yọ́ yẹn.

"Mo mà ránṣẹ́ sí ẹ nígbà yẹn, Naimat," ni Dúrótoyè wí. "Mo ní ká yí i padà kó tó já. Nígbà tí mi ò gbọ́ nǹkan, mo rò pé o ò fẹ́ ni."

"Iṣẹ́ wo? Ta lẹ rán?"

"Mọ́mì mi."

"Màmá Àgbà, ẹ ò jẹ́ iṣẹ́ kankan dé ọ̀dọ̀ mi," ni Naimat sọ fún Ìyá Dúró.

Ìyá Dúró yí ojú sí Mùíbátù, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Òógùn bo imú Mùíbátù. Ìyáálé wá yí ojú padà sí fóònù.

"Mo gbàgbé ni, ọmọ mi," ló wí. "Àgbà ti ń dé sí mi. Ẹ má bínú sí mi."

"Ìyá Dúró!" ni Alhaji wí. "Ìwọ tí o kì í gbàgbé ìgbésẹ̀ adìẹ!"

"Ó ti tán, Màmá Àgbà," ni Naimat ń sọ, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú, irú ohùn tó ń fi bá àwọn arúgbó rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín o. Gbogbo wa la máa ń gbàgbé. Màmá Àgbà mi dáadáa."

Ó yẹ kí ọkàn Mùíbátù balẹ̀. Àṣírí ti bò. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbọ́ "Màmá Àgbà mi dáadáa" lẹ́nu ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀, inú bí i. Obìnrin yìí! Ó ti gba oore ṣíṣe, ó gba tánkì, ó gba páànù. Ẹ̀ṣẹ̀ tí òun fọwọ́ ara òun dá, ó tún gbà á, ó wọ̀ ọ́ sọ́rùn bí ẹ̀gbà, ó sì yẹ ẹ́!

"Irọ́ ni!" Mùíbátù ti dìde dúró. "Wọn ò gbàgbé nǹkan kan! Wọ́n jẹ́ ẹ fún mi, èmi ni mo gbé e mì! Tèmi ni! Ẹ fi tèmi sílẹ̀ fún mi, wọn ò lè máa gba gbogbo nǹkan mọ́ mi lọ́wọ́!"

Alhaji ń wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni wo pákó tó sọ̀rọ̀. "Ìyá Naimat," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "sàráà ọjọ́ yẹn... ohun tí o ní ò ń wò, tó ń wálẹ̀..."

Mùíbátù jókòó.

"Ẹ̀n?" ni Ìyá Dúró wí. "Pọ́n-ùn ni àkàrà yẹn?" Ó gbá àyà mú. "Mo ṣe Àmín! Èmi Ẹfúnróyè! Mo jẹ àkàrà lé owó ọmọ mi lórí, mo tún ní kí o bù sí i!" Ẹ̀rín gbé e. Ó rín títí ìró fi tú nídìí rẹ̀. Dúrótoyè náà ti ṣubú kúrò lójú fóònù, ẹ̀rín rẹ̀ nìkan là ń gbọ́. Naimat ò rẹ́rìn-ín.

"Màmi, bàbá yẹn ò ní dúró dè wá. Ẹlòmíràn ti wá wò ó. Ṣé kí n sọ pé a ò rà á mọ́?"

"Màá san owó ọkọ̀," ni Dúrótoyè wí.

"Rárá o," ni Mùíbátù wí.

"Ó dáa, kì í ṣe Dúró," ni Ìyá Dúró wí, ó ń nu ojú. "Èmi ni màá san án."

Ìyẹn tún wá burú ju èkíní lọ. Mùíbátù fẹ́ fa gèlè rẹ̀ tó yẹ̀ sẹ́yìn. Ọwọ́ ọ̀tún dé èjìká, ó dúró síbẹ̀, ó kọ̀, kò lọ mọ́. Gbogbo wọn rí i, Naimat náà rí i láti Hamburg. Ìyáálé na ọwọ́, ó bá a fa gèlè náà sípò bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Inú tún bí Mùíbátù.

"Mi ò gba ọ̀fẹ́," ló wí níkẹyìn. "Búrẹ́dì ni màá fi san án. Láràárọ̀, títí á fi pé."

"Mo gbà," ni Ìyá Dúró wí. "Ṣùgbọ́n kó nípọn bíi pọ́n-ùn o."

"Ẹ má bẹ̀rẹ̀ o, Ìyáálé mi!"

Míkísà dé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ Alhaji fi pákó gbé e wọ ẹ̀yìnkùlé, ó wúwo bí màlúù. Lọ́jọ́ tí iná wà tí wọ́n kọ́kọ́ tan án, ó kùn, ó yí fúláwà náà mọ́lẹ̀, Mùíbátù dúró tì í, ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, kò mọ ohun tó máa fi wọ́n ṣe. Ó ti fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ Naimat sí i lára gàdàgbà. Asán ni. Bí ẹ bá dé Ilo-Awela lónìí tí ẹ bi wọ́n léèrè míkísà Naimat, wọn ò ní mọ̀ ọ́n. Míkísà Ìyá Dúró ni wọ́n ń pè é, bí Mùíbátù ti bẹ̀rù gan-an ló rí, ó sì ń dùn ún bí ẹ̀gún àtẹ́lẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ń san gbèsè rẹ̀. Láràárọ̀, lẹ́yìn àsùbáà, ó máa ń gé ìyẹ̀fun pípò ti ìyáálé sọ́tọ̀ fúnra rẹ̀, kò fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kó tó gé e, á kọ́kọ́ wo fóònù. Bí pọ́n-ùn bá já lóru, inú rẹ̀ á dùn, ọwọ́ rẹ̀ á là, búrẹ́dì Ìyá Dúró á wú bí ìrọ̀rí. Bí pọ́n-ùn bá gbéra, ọwọ́ á ká kò, búrẹ́dì ọ̀hún á rí bíi bàtà ọmọdé. Ìyáálé ò ní nǹkan kan nínú fóònù tirẹ̀ tó ń sọ iye owó. Á ṣáà gba búrẹ́dì lójú wíńdò, á gbé e sókè, á wọ̀n ọ́n lọ́wọ́, á sì pe ọmọ rẹ̀ ní Manchester.

"Dúró, ẹ kú oríire o. Pọ́n-ùn yín ti gbéra lónìí. Ebi ló máa pa mí."